Mò Ń Bọ̀ O, Onífèrèsé

Nínú èdè tiwa yìí, ẹni tó ń lọ ló máa ń sọ pé òun ń bọ̀. Á ti kọ ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan á ti wà níta, á wá ní, "Mò ń bọ̀ o." Ẹni tó jókòó á ní kó máa bọ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ta ni kò mọ̀ pé kì í ṣe ìsinsìnyí ló ń wí? Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdó rélùwéè ni kò mọ̀.

Gáàdì ọkọ̀ ojú irin kan, géńdé tó ga fíofío, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sójú fèrèsé kékeré tó ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Mò ń bọ̀ o." Ó fọn fèrè, ó fò sínú ọkọ̀, ó lọ. Ọmọbìnrin yìí rò pé ó gbàgbé nǹkan ni. Kò pa fèrèsé dé. Ilẹ̀ ń ṣú lọ, ọ̀gá ibùdó wá bi í pé kí ló ń dúró ṣe. Ó ní gáàdì ní òun ń bọ̀. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, nítorí ọkọ̀ yẹn kò ní padà títí di ọ̀túnla.

Nígbà tí gáàdì dé, tí wọ́n ròyìn fún un, òun kò rẹ́rìn-ín. Ojú fèrèsé ló gbà lọ tààrà. "Onífèrèsé," ó ní, "mo ti dé." Láti ọjọ́ náà, kò lọ rí kó má dágbére níbẹ̀, kò sì dé rí kó má kọ́kọ́ débẹ̀. Bọ́rọ̀ ṣe di ti ìgbéyàwó nìyẹn.

Wọ́n ti darúgbó báyìí. Ọkọ̀ ojú irin ti gba ọ̀nà mìíràn, wọ́n sì ti kun ibùdó àtijọ́ náà ní ọ̀dà, ó di ibi tí àwọn èèyàn ti ń ya fọ́tò. Ìgbàgbé wọlé tọ Gáàdì wá díẹ̀díẹ̀. Ó kó orúkọ àwọn ará àdúgbò lọ, ó kó tọmọ, ó wá kan tìyàwó. Bí Onífèrèsé bá gbé oúnjẹ fún un, á dìde díẹ̀ lórí àga, á ní, "Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ẹ kú wàhálà." Ọ̀wọ̀ tó ń fi sọ ọ́ gan-an ló ń dun obìnrin náà. Látìgbà tí wọ́n ti ń pe ara wọn ní ìwọ, wọ́n sì jà, wọ́n sì rẹ́, ọjọ́ ogbó ló wá ń gbọ́ ẹ̀yin lẹ́nu ọkọ rẹ̀! Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń fẹ́: kí ó tún pe òun ní Onífèrèsé, ì báà ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré, kí ọlọ́jọ́ tó dé.

Ọmọbìnrin wọn, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló fi mọ́tò gbé wọn lọ sí ibùdó náà. "Màámi, ẹ má fọkàn sí i jù," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká kàn fi ṣeré jáde."

Gáàdì wo gbogbo rẹ̀ bí ẹni tó wà ní pálọ̀ ẹlòmíràn. Ó wo ìjókòó onígi, ó wo òṣùwọ̀n ẹrù, ó wo ọkọ̀ kan tí wọ́n ti dè mọ́lẹ̀ tí kò ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Ó yíjú sí obìnrin tó ń mú àwọn àlejò káàkiri. "Ilé yín mọ́ tónítóní o," ó ní. Ọkàn Onífèrèsé rẹ̀wẹ̀sì.

Ìgbà náà ló rí fèrèsé rẹ̀. Ibi tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti ń dúró lórí pákó ṣì ń dán. Ó gbé okùn tí wọ́n fi dí ẹnu ọ̀nà sókè, ó wọlé.

"Màmá, a kì í wọ ibẹ̀ o!" ni obìnrin tó ń mú àwọn àlejò káàkiri ké sí i.

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Má bínú, mi ò ní pẹ́."

Ó jókòó, orúnkún rẹ̀ ké, ó gbé ojú síbi tó ń gbé e sí tẹ́lẹ̀.

Gáàdì yíjú, ó rí i. Ó dúró. Ó fọwọ́ tún kọ́là ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ti gan.

"Onífèrèsé! O ò tíì lọlé?"

Obìnrin náà tẹ̀ síwájú sójú fèrèsé. Ó ní, "Ìwọ ni mò ń dúró dè."

"O ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

"Ó dáa. Mò ń bọ̀ o."

"Máa bọ̀. Wàá bá mi níbí."

Gáàdì kọrí sí ọkọ̀. Ọmọ fẹ́ sáré tẹ̀ lé e, ìyá ní, "Fi í sílẹ̀, jàre. Ibo ni ọkọ̀ yẹn fẹ́ gbé e lọ?" Gáàdì gòkè, ó jókòó, ó ń wo ìta bí ẹni pé oko àti odò ń kọjá. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kejì, ó padà wá.

"Onífèrèsé, mo ti dé."

"Káàbọ̀," ó ní. Omi ojú ti gba ojú rẹ̀ kan, inú rẹ̀ dùn kọjá sísọ. Kò lè jókòó mọ́. Ó sáré gba ẹnu ọ̀nà jáde láti lọ dì mọ́ ọn.

Gáàdì rí ìyá arúgbó kan tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ tẹkúntẹkún. Ó bọ́ fìlà. "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ṣé ẹ̀ ń retí ẹnì kan ni?"

Onífèrèsé dúró gbọnin. Ó nu ojú rẹ̀. "Ọkọ mi ni, sà. Ó dé lẹ́ẹ̀kan. Ó tún ti lọ."

"Ẹ má sunkún. Ó sọ pé òun ń bọ̀?"

"Ó sọ bẹ́ẹ̀."

"Á dé nìyẹn." Ó na apá sí i kó má baà ṣubú, obìnrin náà di apá náà mú, àwọn méjèèjì ń lọ jẹ́jẹ́ síbi tí ọmọ wọn páàkì mọ́tò sí. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, Gáàdì bojú wẹ̀yìn, ó wo fèrèsé tó ti ṣófo.

"Onífèrèsé, mò ń bọ̀ o!"

"Máa bọ̀," ni obìnrin tó dì í lápá mú wí. "Wàá bá mi."