Àtẹ̀jíṣẹ́ Aago Mẹ́wàá Kọjá Ìṣẹ́jú Méjìlá

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá gbáko ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ò fi fẹnu bára wa sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ inú ilé kan náà là ń gbé. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé a ń bára wa yodì o. Ojoojúmọ́ là ń sọ̀rọ̀, orí fóònù ni. Bí iyọ̀ bá tán, ẹ̀gbọ́n mi á kọ ọ́ ránṣẹ́ láti ilé ìdáná: "Iyọ̀ ti tán." Èmi tí mo jókòó sí pálọ̀, tí mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọn agolo iyọ̀ náà, màá dáhùn pé: "Mo ti rí i, ẹ̀gbọ́n mi. Màá rà á bọ̀." Mo máa ń fi "ẹ jọ̀ọ́" àti "ẹ ṣeun" sí i. Wọn ò lè sọ pé mi ò lẹ́kọ̀ọ́.

Ohun tó fà á ò tó nǹkan. Ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ìṣirò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti yàrá wọn. Lọ́jọ́ kan tí kíláàsì ń lọ lọ́wọ́, mo kọjá lẹ́nu ọ̀nà, mo sì pariwo pé, "Ajá yìí mà ń rùn o! Ta ló fẹ́ wẹ̀ ẹ́?" Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rọ wọn ń gbé ohùn mi lọ. Ọmọ mọ́kàndínlógún ló bú sẹ́rìn-ín, òbí méjì sì bá àwọn ọmọ náà rín in. Nígbà tí kíláàsì parí, ẹ̀gbọ́n mi wá dúró síwájú mi.

"Láti òní lọ, ohun tó o bá fẹ́ bá mi sọ, kọ ọ́. Mi ò fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ nínú ilé yìí mọ́."

Èmi náà ní kò burú. Nínú ìdílé wa, tí ẹnì kan bá ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ la ẹnu ló fìdí rẹmi. Bàbá wa àti àbúrò wọn fi ọdún mẹ́fà kọ lẹ́tà síra wọn láti yàrá kan sí èkejì, ìyá wa ló ń bá wọn fi jíṣẹ́. Orí kunkun ni ogún tí a jẹ, a sì pín in dọ́gba.

Alága ni orúkọ ajá náà. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Bó ṣe máa ń jókòó sáàárín pálọ̀, tó á na àyà, tó á máa wo gbogbo wa bí ẹni tó fẹ́ ṣí ìpàdé, ló jẹ́ ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ín. Wọn ò lọ́kọ, wọn ò bímọ, wọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn káàánú nítorí ẹ̀. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, wọ́n á mú Alága rìn lọ dé òpin àdúgbò. Wọ́n ń gé èékánná rẹ̀, wọ́n ń fi òwú nu etí rẹ̀, wọ́n sì ní ìwé pélébé kan tí wọ́n ń kọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ sí. Bí ara mi ò bá yá, ẹ̀gbọ́n mi á ní kí n lọ mu omi. Ṣùgbọ́n tí Alága bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ara wọn ò ní balẹ̀ mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Tèmi, ọkọ̀ ni. Ilé ìkówèésí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, torí náà mo gbà pé kò sí ohun tí èèyàn ò lè jókòó kọ́ fúnra rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná jù, mo fi han mẹkáníìkì àdúgbò wa. Kò-Sí-Wàhálà là ń pè é, torí ohun yòówù kéèyàn bi í, ìdáhùn kan náà ló ní. Ó wo inú ọkọ̀, ó ní rọ́bà tó ń gbé omi láti rédíétọ̀ lọ sínú ẹ́ńjìnnì ti là.

"Ẹ gbé e wá lọ́jọ́ Ajé, kò sí wàhálà."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ra rọ́bà tuntun, mo sì lọ sílé lọ wo fídíò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wò ó. Ọkùnrin inú fídíò náà pá lórí, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ ju ti ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe lọ, ṣùgbọ́n àlàyé rẹ̀ yé mi. Mo rí i pé iṣẹ́ wákàtí méjì ni.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo gbé ọkọ̀ sẹ́yìnkùlé, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Íńtánẹ́ẹ̀tì wa kì í dé ẹ̀yìnkùlé dáadáa. Fídíò á lọ díẹ̀, á dúró, àmì róbótó á wá máa yí lójú fóònù bí ẹni tí òòyì ń kọ́. Dátà orí fóònù mi sì ti tán. Íńtánẹ́ẹ̀tì ilé nìkan ni mo gbójú lé. Mo bá yọ ráútà, ẹ̀rọ tó ń fún ilé ní íńtánẹ́ẹ̀tì, kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbé e sójú fèrèsé ẹ̀yìn, mo ki wáyà rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀. Fídíò wá ń lọ geere.

Mo gbé basíà sábẹ́ rédíétọ̀, mo tú ìdérí ìsàlẹ̀, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Kì í ṣe omi lásán. Omi aláwọ̀ ewé ni, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná jù. Ó ń dán, òórùn rẹ̀ sì dà bíi ti súwíìtì. Ibẹ̀ ni ọkùnrin onífídíò náà ti dúró, tó wo ojú mi kọrọkọrọ.

"Tẹ́ ẹ bá ní ajá tàbí ológbò nílé, ẹ má jẹ́ kó dé ìdí omi yìí o. Ó dùn lẹ́nu ẹranko, bẹ́ẹ̀ májèlé gidi ni. Díẹ̀ péré ti tó láti pa ajá."

Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀mẹta tí mo ti wò ó tẹ́lẹ̀, ńṣe ni mo máa ń fo ibẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ polówó ọjà ni.

Mo nu ọwọ́, mo mú fóònù, mo kọ ọ́: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún Alága. Omi ọkọ̀ wà nínú basíà, májèlé ni fún ajá. Ẹ ṣeun." Kí n tó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, mo ti fa wáyà ráútà yọ kí n lè rí sọ́kẹ́ẹ̀tì lò fún gílóòbù tí mo fẹ́ fi wo abẹ́ ọkọ̀. Ìgbà tí mo wo fóònù padà ni mo rí i pé àtẹ̀jíṣẹ́ náà ò tíì lọ. Àmì aago kékeré yẹn ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìlá.

Ẹ̀gbọ́n mi wà ní ilé ìdáná. Fèrèsé ibẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mò ń gbọ́ bí ẹyin ṣe ń ta nínú òróró, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ fún Alága pé kó yé wo àwo wọn. Ìṣísẹ̀ mẹ́fà péré ni láti ibi tí mo dúró. Gbólóhùn kan ni. Mo tilẹ̀ la ẹnu. Mo wá rò ó pé, ṣé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá, èmi ni mo wá fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀? Ojú wo ni wọ́n á fi wò mí? Mo pa ẹnu dé. Mo yọ gílóòbù, mo dá wáyà ráútà padà, mo fẹsẹ̀ ti basíà wọ abẹ́ ọkọ̀ dáadáa.

Ráútà wa máa ń lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó jí. Mo ní tó bá ti jí, àtẹ̀jíṣẹ́ á lọ fúnra rẹ̀. Irin tó ń fún rọ́bà mọ́ ẹnu páìpù sì ti kán mọ́ mi lọ́wọ́, ni mo bá ki fóònù sápò, mo gba ìta lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní ìkòríta. Mi ò rò ó pé inú fóònù yẹn ni àtẹ̀jíṣẹ́ náà wà, pé bí mo ṣe ń jìnnà sílé ni mò ń gbé e lọ.

Èèyàn mẹ́rin ló wà níwájú mi ní ṣọ́ọ̀bù. Mo dúró, mo bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo wọ ẹnu géètì wa, fóònù mi sì dún. Àtẹ̀jíṣẹ́ náà ti lọ.

Alága wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ó ń rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ́ mọ́ra. Irùngbọ̀n rẹ̀ funfun tẹ́lẹ̀. Ó ti di aláwọ̀ ewé. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Alága! Ta ló fún ẹ lọ́tí mu láàárọ̀ yìí?"

Fóònù wọn dún nínú àpò aṣọ wọn. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n kà á. Ẹ̀rín náà kúrò lójú wọn díẹ̀díẹ̀. Wọ́n wo ajá, wọ́n wò mí, wọ́n tún wo fóònù.

"Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìlá lo kọ èyí."

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ibo lo wà nígbà tó o kọ ọ́?"

Mo nawọ́ sí fèrèsé.

"Ilé ìdáná ni mo wà."

"Mo mọ̀," ni mo wí. "Mò ń gbọ́ yín."

Ẹ̀gbọ́n mi ò bú mi. Ì bá sàn ká ní wọ́n bú mi.

Ọkọ̀ tèmi ò ní rọ́bà, kò ní omi. Mo sáré lọ pe Kò-Sí-Wàhálà, ó sì gbé ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ wá. Ẹ̀gbọ́n mi gbé Alága lé ẹsẹ̀ níwájú, èmi wà lẹ́yìn láàárín táyà àti agolo ọ́ìlì. Fèrèsé ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ò ní gíláàsì, mo sì ń gbọ́ mẹkáníìkì náà tó ń ní kò sí wàhálà, kò sí wàhálà.

"Wàhálà wà," ni ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn. "Máa wa ọkọ̀ ẹ."

Ọ̀dọ́bìnrin ni dókítà ẹranko náà, ó yára, kò sì fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó béèrè ohun tí ajá mu àti ìgbà tó mu ún. Kí n tó sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ti gbé fóònù kalẹ̀ síwájú rẹ̀. Dókítà ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà, ó wo èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, ó sì wọ ìbọ̀wọ́. Ó gún Alága lábẹ́rẹ́ tó jẹ́ kó bì, ó fa omi sí i lára, ó da ọtí líle mọ́ omi náà. Ó ní ọtí ló lè dí májèlé náà lọ́wọ́ kó má ba kíndìnrín jẹ́, tó bá tètè débẹ̀. Mo bi í bóyá ó tètè débẹ̀. Ó ní ká máa wò ó.

Lọ́jọ́ Àìkú, Alága dìde. Ó ju ìrù, ó jẹ ẹyin díẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Inú mi dùn débi pé mo dì mọ́ òṣìṣẹ́ tó ń nu ilẹ̀. Dókítà ní kí n má tíì yọ̀.

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Á dà bíi pé ara ti yá. Kíndìnrín là ń wò."

A jókòó sórí àga oníke, ẹ̀gbọ́n mi àti èmi, a ń wo ara ògiri.

"Ṣé o ti jẹun?" ni wọ́n bi mí.

"Rárá, ẹ̀gbọ́n mi."

"Lọ jẹun."

Mi ò lọ. Ohùn wọn ti há díẹ̀, mi ò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a fi ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá fi du ara wa ò ju irú ọ̀rọ̀ báyìí lọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Alága ò tọ̀ mọ́. Dókítà pè wá wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní kíndìnrín méjèèjì ti lọ. Ó lè máa mí bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méjì sí i, nínú ìrora, tàbí kí òun fún un ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó mọ nǹkan kan.

"Mi ò lè dá a ṣe. Ẹ̀yin ará ilé rẹ̀ lẹ máa sọ ọ́."

Orí Alága wà lórí itan ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ń fi ìka wọn nu igun ojú rẹ̀. Wọn ò wo dókítà rárá, èmi ni wọ́n ń wò.

"Ìwọ lo máa sọ ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ajá yín ni."

"Mo mọ̀. Sọ ọ́."

Dókítà ti yíjú sí ibi tó ti ń fọwọ́, omi ẹ̀rọ ń ṣàn. Mo ní, "Dókítà, ẹ jẹ́ kó lọ."

"Ẹ má bínú," ni dókítà wí, "mi ò gbọ́ yín." Ó pa omi.

Ẹ̀gbọ́n mi ò gbé ojú kúrò lára mi. Mo tún un sọ.