Bọ́dúnrìn Dọ̀bálẹ̀ ní Pápá Eérú

Máàkì ni Bọ́dúnrìn fi ń ṣe ọlá. Bí géèmù ogun tuntun bá ti jáde, á ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, á jagun lórí kọ̀ǹpútà títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n, lẹ́yìn náà á kọ ìdájọ́ rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, á sì fún géèmù ọ̀hún ní máàkì nínú mẹ́wàá. Kò fún èyíkéyìí ju mẹ́fà lọ rí. Mẹ́wàá, ó ní, ti Ọlọ́run ni. Mẹ́sàn-án, ti àwọn áńgẹ́lì. Méje àti mẹ́jọ, ó fi wọ́n pamọ́ de ohun tí wọn ò tíì dá sáyé. Àwọn tó ń ka ìwé rẹ̀ bọ̀wọ̀ fún un nítorí èyí. Ẹni tó bá ń ṣahun, ṣebí aráyé á rò pé ó ní i nílé ni.

Ẹni tí ọlá yìí kò wọ̀ lójú rárá ni Bàbá Theophilus, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì sí Ibefun. Mosúnmọ́lá ọmọ rẹ̀ ni Bọ́dúnrìn fẹ́ fi ṣaya, bàbá kò sì tíì dá ọjọ́ tí àwọn ará ilé ọkọ lè wá tọrọ ọmọ.

"Iṣẹ́ wo lo ní ò ń ṣe?" bàbá bi í nígbà tó lọ kí wọn.

"Mo máa ń yẹ géèmù wò, sà. Mo máa ń fún un ní máàkì."

"Èmi náà fún èèyàn ní máàkì títí orí mi fi funfun. Àmọ́ mi ò bá àwọn ọmọ jókòó ṣe ìdánwò."

"Ogun ni, sà. Kì í ṣe eré lásán."

Ọ̀rọ̀ ogun yìí ló ta bàbá jí. Ìdílé tó ń gun ẹṣin lọ sí Ojúde Ọba ni tiwọn, àwọn tó ń yìnbọn sókè lọ́dọọdún kí ayé má baà gbàgbé pé baba ńlá wọn jagun. Bàbá fúnra rẹ̀ kò yìnbọn rí. Ṣọ́ọ̀kì ló fi ja tirẹ̀. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe.

"Ó dáa. Lọ́jọ́ Sátidé, Mosúnmọ́lá á gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ síwájú mi níbí, màá wọ ogun náà fúnra mi. Bó bá jẹ́ iṣẹ́, màá dá ọjọ́. Bó bá jẹ́ eré, kí o jẹ́ kí ọmọ mi sinmi."

Pápá Eérú ni wọ́n ń pe géèmù náà. Ìkùukùu bo ilẹ̀ rẹ̀ láti orí òkè dé etí odò. Abúlé kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Aṣọ funfun ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí okùn, ó ń gbẹ de ẹni tí kò ní padà wá ká a. Ní Sátidé náà, lẹ́yìn fèrèsé Bọ́dúnrìn, ọyẹ́ ti sọ Ìjẹ̀bú-Òde náà di bẹ́ẹ̀: àwọn òrùlé ń léfòó, ọ̀kadà ń dún, a ò rí ẹni tó gùn ún. Nígbà mìíràn Bọ́dúnrìn á gbójú sókè, kò ní mọ èwo nínú ìlú méjèèjì lòun wà. Ó ń dá máàkì lọ́kàn bó ti ń rákò lọ. Ìkùukùu, ó dára. Ìró ẹsẹ̀ lórí koríko gbígbẹ, ó dára. Ìbọn wúwo ju bó ṣe yẹ lọ. Mẹ́fà. Bóyá márùn-ún.

Kọ̀ǹpútà ló ń pín àwọn ọmọ ogun sọ́nà méjì, kò sì mọ ẹni tó ń jẹ́ àna. Ó fi Bọ́dúnrìn àti Zakariyah, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń jagun láti ilé wọn ní Ìjẹ̀bú-Igbó, sí apá kan. Ó fi Bàbá Theophilus sí apá kejì. Apá tó bá gba odò ló borí.

Bọ́dúnrìn rí i kó tó gbọ́ ọ. Sójà kan ń bọ̀ láàárín ọ̀nà, ó nàró ṣánṣán, ó ń rìn bí ẹni tó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Ọta ń kọjá lápá ọ̀tún, ọta ń kọjá lápá òsì. Kò yà fún ìkankan. Nínú géèmù yìí, bí ọ̀tá méjì bá súnmọ́ra, wọn á máa gbọ́ ohùn ara wọn. Ohùn bàbá jáde látinú ìkùukùu.

"Mosúnmọ́lá, ibo ni wọ́n ń gbà lọ sódò?"

"Dádì, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á yìnbọn lù yín."

"Kí n bẹ̀rẹ̀ fún ta ni? Ìdílé wa kọ́."

Zakariyah sọ̀rọ̀ sí Bọ́dúnrìn létí látinú ẹ̀rọ tó kì sétí. "Ẹni tó nàró yẹn ti dé iwájú ẹ. Yìn ín."

"Bàbá Mosúnmọ́lá ni."

"Bàbá Mosúnmọ́lá wà ní Ibefun. Èyí tó wà níwájú ẹ, ọ̀tá ni. Wallahi, ó máa kọjá."

Bọ́dúnrìn mọ̀ pé bóun bá yìn ín, bàbá á rí i pé òun mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú wo ló ń dojú ìbọn kọ ẹni tí òun ń tọrọ aya lọ́wọ́ rẹ̀? Bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n ṣe kí sójà lè dojú bolẹ̀ gbalaja, kí ọta lè kọjá lórí rẹ̀. Ohun tí àwọn òyìnbó tó ṣe géèmù náà rò nìyẹn. Bọ́dúnrìn jáde sáàárín ọ̀nà, ó tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ káàsán, sà."

Sójà àgbà dúró. "Ta nìyẹn?"

"Èmi Bọ́dúnrìn ni, sà."

Inú bàbá dùn gan-an. Ọmọ dọ̀bálẹ̀ fún un, lójú ogun, nínú eruku. Bí ọmọ bá sì ti dọ̀bálẹ̀ báyìí, àgbà á fọwọ́ bà á lẹ́yìn, á ní kó dìde. Bàbá wá ọwọ́ tí yóò fi bà á. Ó tẹ máòsì. Ọwọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n fún un ní Pápá Eérú, ìbọn ni.

Ìbọn náà dún lẹ́ẹ̀kan. Ojú Bọ́dúnrìn gbéra kúrò lára sójà rẹ̀, ó ń gòkè lọ díẹ̀díẹ̀ bíi káìtì tí okùn rẹ̀ já. Láti òkè ló ti ń wo ara rẹ̀ nílẹ̀, àti àgbà tó dúró tì í.

"Dìde," bàbá ní.

Sójà kò dìde.

"Mosúnmọ́lá, kí ló dé tí kò dìde?"

"Ẹ ti pa á, Dádì."

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo fẹ́ fọwọ́ bà."

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ, odò ni wọ́n ń dù."

"Ta ni kó dúró tì í?"

Kò lọ. Ìkùukùu ń kọjá lára rẹ̀, ó dúró ṣọ́ òkú náà.

"Bàbá dúró sójú kan gbagidi," Zakariyah ní. "Ṣé kí n yìn ín?"

"Jọ̀ọ́, má yìn ín."

"Òkú ń bẹ̀bẹ̀," Zakariyah ní, ṣùgbọ́n kò yìn ín. Apá tiwọn pàdánù odò.

Fóònù Bọ́dúnrìn dún kí eruku ogun náà tó rọlẹ̀ tán.

"Ṣó o wà níbẹ̀?" bàbá bi í, bí ẹni tí kò dá lójú.

"Mo wà, sà."

"Mi ò tíì mọ̀ bóyá iṣẹ́ ni." Bàbá wúkọ́. "Kó àwọn ará ilé yín wá ní Sunday ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí o wá dọ̀bálẹ̀ níbi tí ọwọ́ mi lè tó ẹ."

Bọ́dúnrìn kọ ìdájọ́ rẹ̀. Méje ló fún Pápá Eérú, ẹnu ya àwọn òǹkàwé. Àbùkù kan ṣoṣo tó rí ni pé géèmù náà kò ní bọ́tìnnì tí àgbà lè fi fọwọ́ ba ẹni tó dọ̀bálẹ̀. Òyìnbó kan béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ní Ibefun, bàbá ti ń sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé ọta kan ṣoṣo lòun fi pa ọkùnrin kan lójú ogun. Kò sọ ọkùnrin wo.

Ní Sunday náà, ọyẹ́ ṣì wà nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí òpin àgbàlá bàbá. Aṣọ funfun kan ń fẹ́ lórí okùn lápá ibẹ̀ lọ́hùn-ún. Bọ́dúnrìn dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó dijú, ó ń retí.

Ọwọ́ náà bà lé e lẹ́yìn, ó fúyẹ́.

"Dìde," bàbá ní.

Lọ́tẹ̀ yìí, ó dìde.