Korobá Iyanrìn Mẹ́wàá

Onítéèpù ni wọ́n ń pè é ládùúgbò, nítorí téèpù ìwọ̀n kì í kúrò ní ìbàdí ẹ̀ àfi tó bá fẹ́ wẹ̀. Gíláàsì fèrèsé ló ń gé fún àwọn tó ń kọ́lé, mi ò sì tíì gbọ́ ọ rí pé wọ́n dá èyí tó gé padà pé kò bá ojú fèrèsé mu. Àmọ́ kí á sọ òótọ́: lẹ́yìn gíláàsì, kò sí ohun mìíràn tí ọkùnrin yìí mọ̀ ọ́n wọ̀n. Ó fẹ́ ìyàwó, kò wọn ìyẹn dáadáa. Obìnrin náà kẹ́rù ẹ̀ lọ lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, wọn ò sì bímọ. Yàrá méjì àti gáréèjì kan ló wá kù fún un, pẹ̀lú àwo kan, ṣíbí kan, kọ́ọ̀pù kan. Ìdúró ló ti ń jẹun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìfọwọ́, bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀.

Ọkọ̀ tiẹ̀ náà ló fi ń pa ìrònú rẹ́. Nígbà tí ìyàwó lọ, ó ra ṣọ́ọ̀kì tuntun mẹ́rin, irú èyí tí èèyàn lè fọwọ́ ara ẹ̀ yí bó ṣe wù ú. Òrùka irin kan wà lábẹ́ sípíríìngì ẹ̀. Tó o bá fi sípánà oníkọ́ yí i sókè, ọkọ̀ á ga, tó o bá yí i wálẹ̀, ọkọ̀ á balẹ̀. Kókó kékeré kan tún wà lórí ṣọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan tó máa ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́ bó o bá ń yí i, ti iwájú wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ogún ni ìró náà, láti orí èyí tó le jù dé orí èyí tó rọ̀ jù. Onítéèpù fi gbogbo ẹ̀ sí ibi tó le jù, ó sì sọ ọkọ̀ kalẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi ikùn wọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló wù ú. Ta ló fẹ́ bá a jà? Òun nìkan ló ń wọ̀ ọ́.

Àfi ọjọ́ tí màmá ẹ̀ wọ̀ ọ́, ọdún méjì sẹ́yìn. Màmá yìí ń dá gbé nílùú mìíràn, ìrìn wákàtí mẹ́ta, nínú ilé tí bàbá kú sí. Ọmọ lọ gbé wọn pé kí wọ́n wá lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí ọkọ̀ fi já sí kòtò, tí màmá sì figbe ta. Ẹ̀yìn ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni dókítà fi wọ́n sórí ibùsùn, orí ibùsùn yẹn náà ni wọ́n sì ti sọ ọ́ pé ọkọ̀ yẹn le ju ọkàn ẹni tó ni ín lọ, pé ẹsẹ̀ àwọn ò ní wọnú ẹ̀ mọ́. Ó bí Onítéèpù nínú. Ẹ gbọ́ o: ẹni tó ṣe màmá ẹ̀ léṣe, òun ló tún ń bínú! Ó ní òun ò ní yọjú síbẹ̀ mọ́ àfi bí wọ́n bá ránṣẹ́ pe òun. Màmá náà ò ránṣẹ́. Àgídí ò sí nínú ìwé ogún, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ pé kò jogún ẹ̀. Fóònù ló wá kù láàárín wọn, lọ́jọọjọ́ Sọ́ńdè. Ṣé ara le? Ara le. Ṣé ẹ ti jẹun? Mo jẹ, mo yó. Ó tán.

Sọ́ńdè kan ni màmá ṣèèṣì sọ ọ́ pé àwọn ti ń bá rédíò jiyàn báyìí, ṣùgbọ́n rédíò ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbà fún àgbà. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí i. Onítéèpù ò lè rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an lòun náà sọ fún ọkọ̀ pé ó dàárọ̀ kó tó wọlé lọ sùn. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó jókòó, ó dìde, ó tún pè wọ́n padà. Ó ní kí wọ́n dákun wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Màmá dá a lóhùn.

“Kì í ṣe Sátidé tó ń bọ̀ yìí, èyí tó tẹ̀ lé e, kó o wá. Màá wọ ọkọ̀ ẹ dé ìparí òpópónà wa, níbi bọ́ǹpù, ká sì padà. Bí ẹ̀yìn mi ò bá sọ̀rọ̀, màá bá ẹ lọ. Bó bá sọ̀rọ̀, má dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ mọ́ láyé.”

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ní ń fọ́. Ti màmá yìí yàtọ̀, ẹyin tí wọ́n ti sè ni. Kò ṣe é dá padà sí tútù. Onítéèpù mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan péré lòun ní.

Sátidé àkọ́kọ́, àárọ̀ kùtù ló ti fi jáàkì gbé ọkọ̀, ó fi irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tì í nísàlẹ̀, ó tú táyà. Òrùka abẹ́ sípíríìngì ti dípẹtà. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, ó rọ epo sí i, ó ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ onílé. Nígbà tó yí, ó gbé iwájú ọkọ̀ ga, ó gbé ẹ̀yìn náà, ó dá táyà padà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí a bá tún ṣe lófìfo, lófìfo náà ló ń dára. Ẹni tó máa jókòó nínú ẹ̀ ló yẹ kó wà níbẹ̀ nígbà tá a bá ń wọ̀n ọ́n. Ìyẹn ò le fún Onítéèpù. Màmá ò fi ìwọ̀n ara wọn pamọ́ rí. Ọgọ́rin kìlò ni wọ́n kà fún wọn ní kílíníìkì, wọ́n sì máa ń fi yangàn pé ẹni tí ò lára ló ń sá fún òṣùwọ̀n. Onítéèpù gbé korobá ọ̀dà kan lọ síbi iṣẹ́, ó bu iyanrìn kún un, kìlò mẹ́jọ gééré. Korobá mẹ́wàá, màmá dé. Ó rọ ọ́ sínú àpò méjì, ó gbé wọn jókòó níwájú, ó sì de bẹ́líìtì mọ́ wọn.

Bàbá kan wà lókè ilé tó ti fi ogójì ọdún pín lẹ́tà kiri kó tó fẹ̀yìn tì, Bàbá Onílẹ́tà là ń pè wọ́n. Wọ́n ń kọjá, wọ́n rí àpò nínú bẹ́líìtì, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú fèrèsé tí wọ́n ń kí i pé ìyàwó wa, ẹ káàbọ̀, wọ́n ní ìyàwó yìí lára àmọ́ kò lọ́rùn. Onítéèpù sọ fún wọn pé màmá òun ni. Ẹ̀rín kúrò lójú wọn. Wọ́n ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí màmá pẹ́ fún un, wọ́n sì dúró díẹ̀ sí i, wọ́n ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé gbogbo lẹ́tà táwọn pín láyé àwọn, èèyàn á rò pé ẹnì kan á kọ ẹyọ kan sáwọn.

Ó wọ̀n ọ́n láti àárín ẹsẹ̀ ọkọ̀ dé etí fẹ́ńdà, irin tó bo táyà lókè, nígbà tí ìjókòó ṣófo, ó wọ̀n ọ́n nígbà tí iyanrìn jókòó. Ọkọ̀ fi mìlímítà mẹ́rìnlá wálẹ̀. Ó ti ọkọ̀ síwájú, ó ti í sẹ́yìn kí sípíríìngì lè fara balẹ̀, ó tún wọ̀n ọ́n: mẹ́rìnlá. Ó kọ ọ́ sára ògiri. Lẹ́yìn náà ló bu omi sínú kọ́ọ̀pù kan ṣoṣo tó ní, ó fi há àárín àpò méjèèjì, ó wa ọkọ̀ gba orí bọ́ǹpù àdúgbò. Omi dà. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó yí kókó sí rírọ̀ ní ìró kan, ó tún lọ. Gbogbo ọ̀sán ló fi ṣe bẹ́ẹ̀, tí àwọn ọmọ àdúgbò ń kà á. Lórí ìró kọkànlá ni omi ò dà mọ́. Ìgbà yẹn ló tó fura pé láti àárọ̀ lòun ti ń bi àpò iyanrìn pé, Màámi, ṣé ó dùn yín? Ojú tì í, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó gbọ́.

Nígbà tí Sátidé kejì pé, ó bá màmá lẹ́nu ọ̀nà. Kóòtù ńlá ti bàbá ni wọ́n wọ̀, ìbòrí bò wọ́n dé etí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ti wọnú. Kó tó la ẹnu, wọ́n ti ní wọ́n yọ eyín mẹ́ta fáwọn ni. Ó gbà. Ọmọ tó bá ti pẹ́ kó tó yọjú sí ìyá, ohun tí wọ́n bá fún un ló ń gbà. Ó ṣílẹ̀kùn, wọ́n jókòó, ó de bẹ́líìtì mọ́ wọn.

Ẹlòmíràn á wọlé síbi sítíárìn, á wa ọkọ̀. Onítéèpù yọ téèpù. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó wọ̀n ọ́n, ó sì rí mẹ́jọ dípò mẹ́rìnlá.

Ó rò pé òrùka ti yọ̀. Ó nawọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kò yọ̀. Ó ní bóyá sípíríìngì há ni; ó mi ọkọ̀, ó tì í síwájú, ó tì í sẹ́yìn, màmá ń béèrè pé ṣé bí wọ́n ṣe ń lọ nìyẹn. Ó tún wọ̀n ọ́n. Mẹ́jọ. Ìgbà náà ló gbójú sókè tó rí ọwọ́ màmá lójú fèrèsé, òrùka ìgbéyàwó wọn tí wọ́n wé òwú mọ́ nínú, ó nípọn, kó má bàa bọ́.

“Kí ni téèpù ẹ wí?” Màmá ló béèrè.

“Ó ní ẹ ò jẹun, Màámi.”

Wọn ò wò ó. Iwájú ni wọ́n ń wò, bí ẹni pé ọkọ̀ ti ń lọ.

“Ta ni mo fẹ́ sè é fún? Mo máa ń dáná o. Bó bá jinná, màá jókòó, màá wo ìkòkò, ìkòkò á wò mí, màá dé e padà.”

Gbogbo Sọ́ńdè ni Onítéèpù ń béèrè, gbogbo Sọ́ńdè ni wọ́n ń ní àwọn yó, ó sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti gbà á gbọ́. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, nítorí ọ̀tọ̀ ni ẹni tó rọ ṣọ́ọ̀kì yẹn fún, ọ̀tọ̀ lẹni tó jókòó, ó fúyẹ́ ju iyanrìn lọ. Ó kà á dé méjì, ó ṣìnà, ó tún bẹ̀rẹ̀, Onítéèpù tí kì í ṣi nǹkan kà. Ìró mẹ́rin ló fi rọ̀ ọ́ sí i lápá méjèèjì. Kò tètè pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, kó má jẹ́ pé wọ́n rí ojú ẹ̀.

Wọ́n lọ. Bọ́ǹpù dé, màmá di ẹnu ilẹ̀kùn mú, wọ́n pajú dé. Táyà iwájú gùn ún, ó sọ̀. Ti ẹ̀yìn gùn ún, ó sọ̀. Wọn ò lajú. Ó yí ọkọ̀ padà, ó tún gba orí ẹ̀, títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà ilé, màmá ò figbe ta.

“Kọ́ọ̀pù mélòó lo ní?” màmá wí.

“Ẹyọ kan.”

“Ra ìkejì. Sátidé tó ń bọ̀ ni màá bá ẹ lọ, jẹ́ kí n fi ọ̀sẹ̀ yìí palẹ̀ ilé mọ́.”

Ó dá wa ọkọ̀ padà, wákàtí mẹ́ta, ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ṣófo, ọkọ̀ sì tẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé àpò méjèèjì padà sórí ìjókòó kó lè tún gbogbo ẹ̀ wọ̀n kí màmá tó dé. Ó ń bu iyanrìn jáde, ó ń wọn fẹ́ńdà. Korobá kan jáde, téèpù ò tíì gbà. Ó wá àwọn korobá ọ̀dà mìíràn sí i, ó bu ìkejì, ó bu ìkẹta. Lórí ìkẹrin ni téèpù wá sọ pé mẹ́jọ.

Ó to korobá mẹ́rin náà sílẹ̀ gáréèjì, ó fara ti ògiri, ó ń wò wọ́n. Bí màmá ṣe rù lọ nìyẹn, díẹ̀díẹ̀, ní gbogbo ìgbà tí òun ń dúró kí wọ́n ránṣẹ́ pe òun. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé sílé ìwé.

Ibẹ̀ ni Bàbá Onílẹ́tà bá a. Wọn ò béèrè ohun tó ṣe é, àgbà ni wọ́n. Wọ́n kàn ní bó bá jẹ́ pé ó fẹ́ da iyanrìn yẹn nù ni, àwọn lè bu ú sí kòtò iwájú àtẹ̀gùn. Onítéèpù, tí kì í fi nǹkan du èèyàn, nu ojú, ó sì fa korobá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ra.

“Ẹ má bínú, bàbá. Bí Màámi bá ti ń jẹun, àpò ni màá máa dá a padà sí, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.”