Àlàfo Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yínúsà

Bí ẹ bá ń wá ẹni tí ìdọ̀tí ọmọ aráyé ti sú, ẹ béèrè Yínúsà alágbàfọ̀ ní Kabusa. Lọ́dún 1986, òun ló ń fọ aṣọ fún àwọn injiníà àti awakọ̀ tó ń la títì Àbújá. Ó mọ ẹni tí kì í wẹ̀, ó mọ ẹni tó ń nu ikun imú sí apá agbádá, ó sì mọ ọ̀gá ńlá tí ṣòkòtò rẹ̀ kò ṣeé dárúkọ. Igi ló fi ń ti àwọ̀tẹ́lẹ̀ wọn sínú omi. "Ẹlẹ́dẹ̀ ni gbogbo wọn," ni yóò wí, yóò sì tutọ́. Òun fúnra rẹ̀, funfun báláú ni, láti fìlà dé ìbọ̀sẹ̀.

Àfi ẹsẹ̀ òsì. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti ń dúró nídìí tábìlì ìlọṣọ láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́, áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ́wọ́. Iṣan ẹsẹ̀ náà ti yọ síta, ó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí okùn. Awọ ọrùn ẹsẹ̀ dúdú, ó ń yún un. Ó họ ọ́, ó họ ọ́, títí ibẹ̀ fi di egbò kékeré lẹ́bàá kókósẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méje, egbò kékeré ti fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Yínúsà da ìyẹ̀fun inú oògùn kápúsù sí i, ó fi aṣọ funfun wé e pinpin, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ lé e. Bó bá fẹ́ ṣe àlùwàlá, yóò kàn fi ọwọ́ tútù ra orí aṣọ náà, ó parí. Ẹ̀sìn gba aláìsàn láàyè bẹ́ẹ̀, kò purọ́. Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti tú aṣọ náà kẹ́yìn, nítorí kò fẹ́ rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

"Bàbá Ràdíátù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ sílé ìwòsàn," ni Mùlíkàt ìyàwó rẹ̀ máa ń bẹ̀ ẹ́.

"Áyọ́ọ̀nù ló jó mi. Gbẹ́nu ẹ dákẹ́."

Mùlíkàt dìde. Ó kó ẹní rẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó ní ooru ń mú òun.

Àsìkò náà ni Ṣítù dé láti Ìlọrin. Aránfìlà ni, àgbàlagbà tí ohùn rẹ̀ tutù. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, yéè! Jàbùtẹ́ ti mú un. Láti orúnkún wálẹ̀, ó wú bí ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, awọ rẹ̀ le, ó rí págunpàgun, ọmọ ìka rẹ̀ ti rì sínú ẹran. Jímọ̀ àkọ́kọ́ tó wọ mọ́ṣáláṣí onípákó tó wà ní Kabusa, ẹ̀gbẹ́ Yínúsà gan-an ló dúró sí. Ẹ sì mọ̀ pé nínú ìlà ìrun, èjìká á kan èjìká, ẹsẹ̀ á kan ẹsẹ̀. Bí awọ líle yẹn ṣe kan Yínúsà, ìríra bò ó. Kò mọ bí òun ṣe kí ìrun náà parí.

Òórùn kan sì wà nínú mọ́ṣáláṣí náà. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tó ti ń rùn díẹ̀díẹ̀, àwọn èèyàn rò pé eku ló kú sábẹ́ pákó. Yínúsà ní tirẹ̀ kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì: ẹsẹ̀ Ṣítù ni. Kíá ló lọ bá Lèmọ́mù Sàkáríyà.

"Lèmọ́mù, ẹran jíjẹrà ni bàbá yẹn gbé wọ ilé Ọlọ́run. Èmi ni mò ń fọ ẹní mọ́ṣáláṣí yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá tún wọlé, kí ẹ wá ẹlòmíì tí yóò máa fọ̀ ọ́."

Ọmọlúwàbí ni Lèmọ́mù, ṣùgbọ́n kò lágbára ariwo. "Yínúsà, àìsàn ni o."

"Kó lọ máa ṣe àìsàn rẹ̀ níta!"

Ni Lèmọ́mù bá lọ bá Ṣítù, ilẹ̀ ló ń wò bó ti ń sọ̀rọ̀. "Alàgbà, ẹ má bínú. Ẹ ṣì máa kírun lábẹ́ igi máńgòrò ná."

Ṣítù fi abẹ́rẹ́ gún fìlà tó ń rán. "Wọ́n ti lé mi nílé àna, wọ́n ti lé mi lọ́jà," ó wí. "N kò mọ̀ pé wọ́n ń lé èèyàn ní mọ́ṣáláṣí." Ó ká ẹní rẹ̀, ó jáde.

Inú Yínúsà dùn. Ẹ wo ìwà! Ó tilẹ̀ ń dúró lókèèrè wo Ṣítù bó ti ń fọ ẹsẹ̀ náà níbi kànga nígbà márùn-ún lóòjọ́. Ọṣẹ ni, omi ni, lẹ́yìn náà aṣọ gbígbẹ, ó ń nu àárín ìka kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń nu ife tíì. Ó ń ṣàlàyé fún àwọn tó ń pọnmi: "Nọ́ọ̀sì ló kọ́ mi. Ó ní kó máa mọ́, kó máa gbẹ, kí n sì máa gbé e sókè bí mo bá jókòó." Yínúsà tutọ́. Kí ló fẹ́ mọ́ níbẹ̀?

Ní Jímọ̀ kejì, Ṣítù wà níta, òórùn wà nínú ilé. Kódà ó le sí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Lèmọ́mù dá wáàsí dúró, tó fi ọwọ́ fún imú.

"Ara ẹní ló lẹ̀ mọ́!" Yínúsà kígbe. Nígbà tó di Àbámẹ́ta, ó kó gbogbo ẹní lọ sódò, ó da Ómò sí i, ó fọ̀ wọ́n títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ló fi dúró nínú omi, ẹsẹ̀ òsì ń ta á gidigidi, aṣọ tó fi wé e sì mu omi yó. Kò tú u.

Jímọ̀ kẹta dé. Ẹní ń ta sánsán. Yínúsà dúró ní ìlà àkọ́kọ́, ó gbé àyà sókè. Mùíbì bíríkìlà, tó wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, fa imú. Ó wo ẹní, ó wo ògiri, ó wá wo ìbọ̀sẹ̀ Yínúsà. Ọyún ti yọ sí ara rẹ̀, eṣinṣin méjì sì bà lé e.

"Kai!" ni Mùíbì sọ, ó sún kúrò. Ẹni tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún náà wò ó, ó sún kúrò.

"Ẹ dí àlàfo," ni Lèmọ́mù wí, bó ti máa ń wí kó tó gbé ìrun dìde. Kò sẹ́ni tó mira. "Ẹ sún mọ́ra, ẹ má jẹ́ kí àlàfo wà nínú ìlà!" Kò sẹ́ni tó mira síbẹ̀. Lèmọ́mù yíjú padà. Ó rí Yínúsà ní òun nìkan, àyè tí màlúù lè dùbúlẹ̀ sí lọ́tùn-ún lósì rẹ̀. Ó rí ìbọ̀sẹ̀ náà. Ó rọra kọjú síwájú, kò tún un sọ mọ́.

Etí Yínúsà gbóná. Ojú tì í débi pé kò mọ ìgbà tí òun dé ìta. Lábẹ́ máńgòrò, Ṣítù ti ń múra ìrun. Ó wò ó, ó sún ẹsẹ̀ ńlá náà, ó fún un ní ìdajì ẹní. Wọ́n jọ kírun. Awọ líle yẹn tún kan Yínúsà, ó gbẹ, ọṣẹ ló ń rùn.

Nígbà tí wọ́n sálámà, Ṣítù ní, "Tú u."

"Áyọ́ọ̀nù ló..."

"Mo ní kí o tú u."

Aṣọ náà ti lẹ̀ mọ́ ẹran. Yínúsà fà á, ó já wá pẹ̀lú awọ. Ohun tó wà níbẹ̀ ń ṣàn, ìdin sì ń rìn nínú rẹ̀. Ṣítù, tó ti gbé jàbùtẹ́ fún ọdún mẹ́tàlá, ṣí fìlà lórí, ó fi bo imú.

"Láìláà! Ìwọ tí ò ń fọ aṣọ fún gbogbo ayé!"

Yínúsà tẹ orí ba láti wo egbò náà. Òórùn ara rẹ̀ gbá a lójú. Ó di igi máńgòrò mú, ó sì bì sára aṣọ funfun tó wọ̀.

Ṣítù kò mú fìlà kúrò ní imú. Ó fi ọwọ́ kejì fa bútà àlùwàlá àti ọṣẹ mọ́ra.

"Bì í tán," ó wí. "Bí mo bá fọ̀ ọ́ tán, èmi náà á bì tèmi, ká tó lọ bá nọ́ọ̀sì. Gbé ẹsẹ̀ wá."