Ọwọ́ Tó Ń Dúró Lórí Ìṣó

Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò nílé, ṣùgbọ́n bí mo bá rí ẹni tó gbé igi gọ́ọ̀fù nínú tẹlifíṣọ̀n, àtẹ́lẹwọ́ a máa yún mi.

Káfíńtà ni bàbá mi, abẹ́ wọn ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti lò ní ṣọ́ọ̀bù wa kí lánlọ́ọ̀dù tó ní ká kó jáde kí oṣù tó parí, òun fẹ́ wó o. A lọ bẹ̀ ẹ́ lọ́fíìsì títí, akọ̀wé rẹ̀ nìkan là ń bá.

Akọ̀wé yìí ló ṣàánú mi. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má wulẹ̀ dá ara yín lágara. Orí pápá gọ́ọ̀fù ni ọ̀gá ti ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ẹni tó bá bá wọn gbá a ní Sátidé, wákàtí mẹ́rin gbáko ló máa fi wà lọ́dọ̀ wọn. Màá fi orúkọ yín sí ti òpin oṣù."

Bí mo ṣe di ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nìyẹn. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí gbogbo pápá ń pè ní Tíṣà ló ń kọ́ mi nírọ̀lẹ́. Dípò owó, èmi náà bá a tún ilẹ̀kùn mẹ́ta ṣe.

"Rọra dì í mú. Kì í ṣe ayùn."

Mo rọra dì í mú. Mo gbé igi sókè, mo fì í wálẹ̀. Bó ṣe kan bọ́ọ̀lù, ọwọ́ mi dúró gbagidi. Bọ́ọ̀lù yà sósì, ó wọgbó.

"Kí lo dúró ṣe? Jẹ́ kí ọwọ́ kọjá, kó dé èjìká."

"Tíṣà, bí òòlù bá kọjá orí ìṣó, pákó ló máa gbọgbẹ́."

"Pákó wo ló wà níbí?"

Kò sí pákó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ọmọ ọdún méje ni bàbá mi ti ń fi igi nà mí níka tí òòlù mi bá fi àpá sára igi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ò tó láti gbàgbé ìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ tó kẹ́yìn, Tíṣà jókòó sórí koríko.

"Mo ti kọ́ dókítà, mo ti kọ́ adájọ́, mo kọ́ olójú kan. Ìwọ ni mi ò mọ ohun tí màá ṣe sí."

Ọjọ́ Sátidé pé. Lánlọ́ọ̀dù gbá tiẹ̀, ó lọ tààrà. Mo gbá tèmi, ó wọgbó. Ibẹ̀ ló ti wá yé mi pé kálukú ló ń tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù tirẹ̀. Kí n tó rí tèmi nínú ẹ̀gún, lánlọ́ọ̀dù ti di fìlà funfun lọ́ọ̀ọ́kán. Mo tún gbá a, ó tún wọgbó. Ní wákàtí mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mejì péré la kíra, àtòkèèrè ni.

Nígbà tó parí, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. "O gbìyànjú, káfíńtà. Wọ́n ní o lọ́rọ̀ í bá mi sọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ni."

"O ò bá ti sọ ọ́ nígbà tá à ń rìn. Ọkọ̀ òfúrufú ń dúró dè mí. Jẹ́ ká fi sí Sátidé tó ń bọ̀."

Ọjọ́rùú tó ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n máa wó ṣọ́ọ̀bù.

Mo bá bàbá mi níbi tí wọ́n ti ń kó ìfági sínú àpò. Wọ́n gba igi gọ́ọ̀fù lọ́wọ́ mi, wọ́n dijú kan, wọ́n wò ó lọ bí ẹni ń wo pákó.

"Ó gún régé. Ẹni tó ṣe é mọṣẹ́." Wọ́n gbé e jókòó. "Ṣé o rí lánlọ́ọ̀dù bá sọ̀rọ̀?"

"Ọwọ́ mi ò kọjá, Bàbá."

Wọ́n wo ọwọ́ mi pẹ́, bí ẹni fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Wọ́n wá na òòlù sí mi.

"Bá mi yọ ìṣó ara tábìlì yẹn. Rọra o. Má jẹ̀ẹ́ kí pákó gbọgbẹ́."