Ọmọ Japan

Ní ọjà Igbudu ní Warri, èmi ni wọ́n ń pè ní Sàlíhátù Olóòótọ́. Mi ò fi owó ra orúkọ yẹn. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń ta aago ọwọ́, mi ò sì tíì pe ayédèrú ní ojúlówó fún ẹnikẹ́ni rí. Nítorí náà, nígbà tí Bàbá Olúgbémi, ẹlẹ́ja ará Ìlàjẹ tó ra aago lọ́wọ́ mi ní ọjọ́ Jímọ̀, padà dé ní ọjọ́ Ajé, tó sì pè mí ní oníjìbìtì lójú gbogbo ọjà, inú bí mi gan-an.

"O ní ọmọ Japan ni," ó wí, ó sì yí ẹ̀yìn aago náà sí mi. "Hadassah, ka ohun tó wà níbẹ̀."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin fi èékánná tọ́ka sí i. "Na China dem write, Papa. See am."

Àwọn tó ń ta bàtà ní òdìkejì mi ti dìde dúró. Ìdajì àwọn oníbàárà mi ló ń bá Bàbá yìí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Bó bá gbé ọ̀rọ̀ yẹn débẹ̀, orúkọ mi ti bàjẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò bẹ̀ ẹ́. Òtítọ́ kì í ṣìnà, irọ́ ní ń forí gbọgbẹ́. Mo mú ọ̀bẹ kékeré, mo ṣí ìdérí ẹ̀yìn aago náà.

"Bàbá, ẹ wo inú rẹ̀. Ẹ̀rọ Japan nìyí, wọ́n sì kọ ọ́ sí ojú aago. Lọ́dọ̀ àwọn Amẹ́ríkà, ibi tí ẹ̀rọ ti wá ni òfin ń pè ní ìlú aago. Irin tó bo ẹ̀rọ yìí ló ti China wá, òun ni wọ́n kọ sẹ́yìn."

"Na grammar be that," Hadassah wí.

Mo kọjú sí bàbá rẹ̀. "Bàbá, ọmọ ibo ni yín?"

"Ọmọ Ugbò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ ni mí."

"Níbo ni wọ́n bí yín sí?"

"Warri níbí, létí odò."

"Ẹ ti gbé Ugbò rí?"

"Tí a bá fẹ́ sin òkú ni mo máa ń lọ."

"Ṣé irọ́ wá ni mo pa? Ọmọ Japan ni mo sọ. Mi ò sọ pé Japan ni wọ́n bí i sí."

Àwọn oníbàtà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Madam don finish work." Mo gbé àyà sókè, mo rò pé ẹjọ́ ti parí.

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. "O jàre mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bi mí léèrè, méjèèjì ni mo máa ń sọ fún un: ọmọ Ugbò tí wọ́n bí sí Warri. Ìwọ náà mọ méjèèjì, Sàlíhátù. Ọ̀kan lo sọ fún mi."

Ní ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, bí mo ṣe ń fi ojú aago náà hàn án, àtẹ́lẹwọ́ mi ni mo fi bo ẹ̀yìn rẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń di aago mú bẹ́ẹ̀. Ojú tì mí.

Mo ní kó gba owó rẹ̀ padà. Ó kọ̀, ó ní aago náà wu òun, ó sì dè é mọ́ ọwọ́.

Kò pẹ́ tí wọ́n lọ ni oníbàárà mìíràn dé, ó ń wá ọmọ Japan. Ẹ̀yìn aago ni mo kọ́kọ́ fi hàn án. Ó béèrè ìbéèrè púpọ̀, mo dáhùn gbogbo rẹ̀, ó sì rà á.