Bí Colby Ṣe Gbé Ọ̀dà Búlúù Lọ Síwájú Ilé

Láti àárọ̀ ni ara Colby Stidham ò ti lélẹ̀. Ẹni tí ìjàlọ wọ ṣòkòtò ẹ̀ gan-an ṣì fara balẹ̀ jù ú lọ. Á kun ògiri díẹ̀, á yọjú sí igun ilé, á padà wá kun ibi tó ti kùn tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yìn ilé Màmá Orlene ni òun àti àwọn ọmọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn wà, lórí òkè West Virginia, gbogbo wọn wá láti Ohio láti wá bá màmá náà tún ilé ṣe fún Jésù. Oòrùn ọjọ́ náà, òjìji gan-an ń wá ibi tó máa sá sí.

Ẹnu ẹ̀ ló kó bá a. Nínú bọ́ọ̀sì àwọn ọkùnrin, lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí wọ́n ń bọ̀, kálukú ń sọ ẹni tó máa mú lọ síbi ijó ilé ìwé ní oṣù kẹsàn-án. Colby ò fẹ́ gbẹ́yìn. Ó ní Joelle Varner lòun máa mú lọ, pé òun ò tíì bi í tán tí ọmọ náà ti gbà, pé ńṣe ló tún bú sẹ́kún ayọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń lọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ọ̀rọ̀ tí Joelle bá a sọ ò ju "sún síwájú díẹ̀" lọ.

Grady ọ̀rẹ́ ẹ̀, tí àkàsọ̀ tiẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ, ò jẹ́ kó sinmi.

"Colby, ìyàwó ẹ ò tíì wá kí ẹ láti àárọ̀."

"Ó ń tijú ni."

"Ó ń tijú. Ẹ̀rín ẹ̀ tá à ń gbọ́ láti iwájú ilé dé ibí yìí ńkọ́?"

"Inú ẹ̀ ń dùn ni."

"Ó dáa. Tá a bá dáná tá a jókòó yí i ká lálẹ́ òní, màá bi í lójú gbogbo ayé, irú aṣọ wo ló fẹ́ wọ̀."

Tí Colby ò bá rí Joelle bá sọ̀rọ̀ kílẹ̀ tó ṣú, tiẹ̀ tán. Á pa ilé ìwé dà, á pa ṣọ́ọ̀ṣì dà, ó ṣeé ṣe kó pa orúkọ dà.

Òfin Pásítọ̀ Trent ló dí i lọ́nà. Pásítọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ni, òfin náà ò sì le sọ. "Ọkùnrin ni búlúù, obìnrin ni píǹkì. Mi ò fẹ́ rí elésè àlùkò lójú mi." Tí búlúù bá pò mọ́ píǹkì, elésè àlùkò ló ń dà; ó túmọ̀ sí pé wọn ò gbọ́dọ̀ dà pọ̀. Ó kó àwọn obìnrin síwájú ilé, ó kó ọkùnrin sẹ́yìn, ó wá gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ ilé, ó ń ṣọ́ wọn bí ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè. Tó bá ṣẹ́jú, ojú kan ló ń ṣẹ́.

Colby ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Pásítọ̀ ní omi wà lẹ́yìn. Colby ní òun fẹ́ tọ̀. Pásítọ̀ sìn ín lọ, ó sìn ín bọ̀. Colby wá ní Ẹ̀mí ń darí òun láti lọ gbàdúrà fún àwọn tó wà níwájú.

"Gbà á níbi tó o wà," ni Pásítọ̀ wí. "Ọlọ́run ò dití."

Nígbà tó yá, Màmá Orlene jáde, ó ń ti ọ̀pá ẹ̀ bọ̀, ó rìn yí ilé ẹ̀ po. Ọ̀dà àjẹkù tí àwọn ará ìjọ ta lọ́rẹ ni wọ́n ń lò: píǹkì tó ṣẹ́ kù lára yàrá àwọn ọmọ jòjòló, wọ́n fi kun iwájú; búlúù, mi ò mọ ibi tí wọ́n ti rí i, wọ́n fi kun ẹ̀yìn.

"Trent, ọmọ mi," ni màmá wí, "iwájú ilé mi jọ ẹnu ológbò. Ẹ̀yìn ẹ̀ jọ balùwẹ̀. Ẹ pò wọ́n pọ̀."

"Ẹ ní ká ṣe kí ni, Màmá?"

"Ẹ pò wọ́n pọ̀. Búlúù yẹn àti píǹkì yẹn. Elésè àlùkò ni mo fẹ́."

Grady rẹ́rìn-ín títí tó fi yọ̀ bọ́ láti orí àkàsọ̀ sínú koríko. Etí Pásítọ̀ pọ́n.

"Màmá, ṣé àwọ̀ yẹn ò ti pọ̀ jù fún onígbàgbọ́?"

"Ṣé ẹ̀pà ni Lídíà inú Bíbélì ń tà, àbí aṣọ elésè àlùkò?"

Kí Pásítọ̀ tó fèsì, Colby ti ki gálọ́ọ̀nù búlúù mọ́lẹ̀, ó ti gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá. Ìjì gan-an ì bá ní kó rọra.

Joelle jókòó sórí àtẹ̀gùn fàráńdà, ọ̀dà píǹkì wà nírun ẹ̀. Ó tọ́ka sí garawa kan.

"Dà á síbí."

Colby ń dà á. "Joelle, mo fẹ́ bi ẹ́ ní nǹkan kan."

"Wọ́n ní mo ti gbà." Igi ló fi ń ro ọ̀dà náà, kò gbójú sókè.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àbúrò Grady obìnrin ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí. Láti Mọ́ńdè ni mo ti gbọ́. Wọ́n ní mo sunkún."

"Díẹ̀ ni mo sọ."

"Wọ́n ní aṣọ mi rin gbingbin."

"Grady ló fi ti aṣọ kún un."

Joelle wá wò ó lójú. "Láti Mọ́ńdè ni mo ti ń retí kó o wá bi mí. Mo ní kí n wò ó bóyá ọmọ yìí lẹ́sẹ̀, àbí ẹnu nìkan ni Ọlọ́run dá mọ́ ọn."

"Pásítọ̀ ni ò jẹ́ kí…"

"Pásítọ̀ kọ́ ló purọ́ mọ́ mi. Lọ sẹ́yìn. Sọ fún wọn pé o ò bi mí rí. Sọ ọ́ kí n gbọ́ ọ láti ibí. Kó o wá padà wá."

Ẹsẹ̀ tí ò dúró sójú kan láti àárọ̀ wá wúwo bí òkúta ọlọ. Colby dé ẹ̀yìn, ó dúró láàárín wọn.

"Mi ò bi Joelle. Irọ́ ni mo pa."

Kò sẹ́ni tó gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. "Ta ni ò mọ̀?" ni Grady wí. "Gbé àkàsọ̀ yẹn fún mi."

Ohùn Joelle wá láti iwájú. "Mi ò gbọ́ ti ẹkún."

"Kò sunkún," ni Colby pariwo, àwọn adìyẹ Màmá Orlene sì tú ká.

Ó padà síwájú. Lọ́tẹ̀ yìí ó dúró dáadáa, ó bi í pé ṣé á bá òun lọ síbi ijó náà.

"Màá lọ," ni Joelle wí. "Ṣùgbọ́n mi ò mọ ijó jó o."

Colby la ẹnu. Gbogbo Ohio mọ irọ́ tó fẹ́ pa. Ó pa á dé, ó gbé e mì.

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n," ló wí.